Oró Inú Èéfín Bọ́ílà Kì Í Rùn
Ìwé pẹlẹbẹ fún àwọn ìdílé Yorùbá tó ń gbé ní Ìlú Ọba

Tí òtútù bá ti wọlé, tí oníkálukú ti tan bọ́ílà, irú àìsàn kan náà ló máa ń gbé àwọn èèyàn dé ọ̀dọ̀ dókítà. Orí ń fọ́ wọn, òòyì ń kọ́ wọn, èébì ń gbé wọn, ara wọn ò sì gbóná. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìyá, bàbá àtọmọ ló ń ṣe pọ̀. Tí dókítà bá bi wọ́n bóyá gáàsì ni, èsì wọn kì í yí padà: “Rárá o, a ò gbọ́ òórùn kankan.” Nítorí èsì yìí la ṣe ń kọ̀wé yìí, torí òun ló ń mú èèyàn jókòó sínú ilé títí ẹ̀pa ò fi ní bóró mọ́.

Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀. Gáàsì tó ń gba páìpù wọlé ò lóòórùn fúnra rẹ̀. Ṣe ni wọ́n ń po nǹkan tó ń rùn mọ́ ọn, kí imú lè tètè mọ̀ tí páìpù bá ń jò. Tí gáàsì bá wá jóná nínú bọ́ílà, òórùn náà bá a jóná nìyẹn, ó ku èéfín. Tí iná bá rí atẹ́gùn tó tó, omi àti carbon dioxide ló pọ̀ jù nínú èéfín ọ̀hún, páìpù èéfín á sì gbé e síta. Tí atẹ́gùn ò bá tó, tàbí tí nǹkan dí páìpù, carbon monoxide á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Kò láwọ̀, kò lóòórùn, kì í ta ojú, kì í múni wúkọ́. Òórùn gáàsì ń sọ fún yín pé gáàsì tí kò tíì jó ń jò. Kò lè sọ ohunkóhun nípa èyí tó ti jó. Ilé tí kò rùn rárá lè kún fún oró. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún gbólóhùn yẹn kà, kẹ́ ẹ sì kà á sétí ìyá àgbà tó wá bá yín tọ́jú ọmọ.

Àwọn kan á ní tó bá le, àwọn á mọ̀, àwọn á sì ṣí fèrèsé. Kí ni wọ́n fẹ́ fi mọ̀ ọ́n? Tí carbon monoxide bá dénú ẹ̀jẹ̀, agbára tó fi ń di èròjà pupa ibẹ̀ mú ju ti ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200, ọpọlọ sì wà lára ohun tó ń tètè jìyà rẹ̀. Oorun á máa kun èèyàn, ẹsẹ̀ ò ní gbé e mọ́, kò sì ní rántí pé fèrèsé wà. Àwọn mìíràn á ní ibà ni, pàápàá tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Èkó dé. Ẹ lọ yẹ ibà wò, ó dáa, ṣùgbọ́n ibà sábà máa ń mú ara gbóná, oró yìí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ní ayé ló ń ṣe wọ́n náà wà. A ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìgbàgbọ́, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ bi ara yín: ṣé ara máa ń tù yín tí ẹ bá wà níbi iṣẹ́ tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí orí á tún bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ tí ẹ bá padà dé? Ṣé ẹlòmíì ń ṣe nínú ilé, àbí ológbò pàápàá ò fẹ́ dìde? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ilé ni kẹ́ ẹ fura sí. Ẹ̀rọ kékeré tí ọ̀pọ̀ rà nígbà Kòrónà, tí wọ́n ń há mọ́ ìka láti fi wo ọ́síjìn, ò lè yanjú ọ̀rọ̀ yìí. Kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀jẹ̀ tó gbé ọ́síjìn àtèyí tó gbé carbon monoxide. Ó lè kọ 98 fún ẹni tó ń kú lọ. Epo pupa tí wọ́n fi ń pa oró ńkọ́? Mílíìkì ńkọ́? Ikùn ni wọ́n ń lọ, oró yìí sì gba ẹ̀dọ̀fóró wọlé. Ọ́síjìn tí wọ́n ń fúnni ní ọsibítù ló ń tètè lé e jáde. Nínú afẹ́fẹ́ lásán, ìdajì rẹ̀ lè gbà tó wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún kó tó kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Tí ẹ bá wá dúró di ọjọ́ kejì, àyẹ̀wò lè má rí nǹkan kan mọ́.

Ohun tó lè ṣọ́ ilé fún yín ni aláàmù carbon monoxide tí wọ́n kọ EN 50291 sí lára. Aláàmù èéfín tó wà lókè àjà kì í gbọ́ oró yìí. Ẹ máa tẹ bọ́tìnì aláàmù carbon monoxide náà wò, kẹ́ ẹ sì wo ọjọ́ tí yóò parí iṣẹ́, torí ó máa ń gbó. Ní England, láti October 1, 2022, òfin ti ní kí onílé fi í sí yàrá tí èèyàn ń gbé tí bọ́ílà bá wà nínú rẹ̀. Onílé náà ló gbọ́dọ̀ mú oníṣẹ́ wá yẹ bọ́ílà rẹ̀ wò lọ́dọọdún, kó sì fún ayálégbé ní ìwé ẹ̀rí láàárín ọjọ́ 28. Ẹ béèrè, ẹ̀tọ́ yín ni. Ẹ má sì sọ pé ọmọ ìyá wa kan mọ̀ ọ́n tún ṣe ní ẹ̀dínwó. Òfin ò gbà kí ẹni tí kò sí nínú Gas Safe Register, ìyẹn ìwé orúkọ àwọn oníṣẹ́ gáàsì tí òfin mọ̀, gbowó tún bọ́ílà ṣe. Ẹ gba káàdì ọwọ́ oníṣẹ́ náà, ẹ wo fọ́tò àti ọjọ́ tó wà níwájú rẹ̀, kẹ́ ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, torí ẹ̀yìn ni wọ́n kọ irú iṣẹ́ tó lè ṣe sí.

Ẹ má fi àkísà dí ihò atẹ́gùn ara ògiri nítorí òtútù. Ẹ wo ẹnu páìpù èéfín níta bóyá ẹyẹ ti kọ́ ìtẹ́ sí i. Ẹ má jó èédú nínú ilé.

Tí aláàmù bá ké, ẹ ṣí ilẹ̀kùn, ẹ pa gáàsì, kí gbogbo yín jáde, kẹ́ ẹ pe àwọn tó ń bójú tó pàjáwìrì gáàsì ní 0800 111 999 tọ̀sán-tòru. Tí ẹnì kan bá ti dákú, 999 ni. Tí ẹ bá sì dé ọ̀dọ̀ dókítà, ẹ má dúró kó bi yín, ẹ sọ fún un pé: “Bọ́ílà gáàsì wà nílé wa, gbogbo wa ló ń ṣe, ara sì máa ń tù wá tí a bá jáde.”