Owó Àpérò àti Ìsọ̀rí Olùkópa: Àgbéyẹ̀wò Èdè-Ìperí fún Àpérò Ìmọ̀ Ìṣirò

Nínú gbogbo ìwé tí àpérò ìmọ̀ ìṣirò ń mú jáde, ojú ewé tí àwọn ènìyàn ń kọ́kọ́ ṣí ni èyí tí wọ́n kọ iye owó tí ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò san sí. Síbẹ̀, ojú ewé yìí ni àwọn tí ń ṣẹ̀dá èdè-ìperí kò tíì fi bẹ́ẹ̀ kọbi ara sí. Èdè-ìperí tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 dá lórí ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀; àwọn tí iṣẹ́ wọn dá lórí ìṣirò fúnra rẹ̀ sì ń wá orúkọ fún igun, ìlà àti ìdá. Owó àpérò bọ́ sí àárín àwọn méjèèjì. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ni ó máa ń kọ ọ́ ní kánmọ́-kánmọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Bí ó bá wá di dandan kí ó wà ní Yorùbá, á tú u ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan.

Kí àgbéyẹ̀wò yìí lè fẹsẹ̀ tẹlẹ̀, ó dára kí a gbé e sí ilẹ̀ Rẹ́mọ. Ká gbà pé àwọn olùkọ́ ìṣirò kan fẹ́ pe àpérò ọlọ́jọ́ mẹ́ta sí Ìkẹ́nnẹ́, ìlú tí Tai Solarin dá Mayflower School sílẹ̀ sí ní 1956, tí àkòrí rẹ̀ sì jẹ́ kíkọ́ ọmọ ní ìṣirò ní èdè Yorùbá, ohun tí iṣẹ́ tí Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970 ti fi hàn pé ó ṣeé ṣe. Àpéjọ àwọn onímọ̀ ìṣirò kò ṣàjèjì ní Nàìjíríà: ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìṣirò ilẹ̀ Áfíríkà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Rabat ní 1976, gbé àpéjọ wọn wá sí Jos ní 1986, wọ́n sì tún gbé e wá sí Àbújá ní 2013. Ṣùgbọ́n àpérò tí ó dá lórí fífi Yorùbá kọ́ni, tí ìkéde rẹ̀ wá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì pọ́ńbélé, yóò di ohun ẹ̀rín lójú olùkọ́ Ìpẹru àti Ògèré tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí.

Orúkọ owó náà ni ìṣòro àkọ́kọ́. ‘Owó ìforúkọsílẹ̀’ ni ó gbilẹ̀ jù lọ. Àléébù rẹ̀ ni pé kíkọ orúkọ nìkan ni ó dárúkọ, bí ẹni pé yíǹkì àti bébà ni owó náà wà fún, nígbà tí ó jẹ́ pé oúnjẹ ọ̀sán, yàrá ìpàdé, epo ẹ̀rọ amúnáwá àti títẹ àkójọ iṣẹ́ àpérò ni ó ń lọ sí. Èyí tí ó tún burú ju èyí lọ ni pé ìforúkọsílẹ̀ àti owó sísan kì í sábà bọ́ sí ọjọ́ kan náà. Ẹlòmíràn lè ti fi orúkọ sílẹ̀ láti oṣù méjì láì tíì san kọ́bọ̀. Ìkéde tí ó bá wí pé kí ìforúkọsílẹ̀ parí kí ọjọ́ báyìí tó pé yóò mú kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ jókòó tẹ́tẹ́rẹ́, kí ó rò pé òun ti ṣe tòun tán. Ẹgbẹ́ ìbílẹ̀ kì í fi àyè sílẹ̀ fún irú àṣìgbọ́ yìí. Owó ìwọlé yàtọ̀, owó oṣooṣù yàtọ̀, owó tí wọ́n dá nítorí ìnáwó ọmọ ẹgbẹ́ yàtọ̀. Kò sí ẹni tí yóò san ọ̀kan kí ó rò pé òun ti san èkejì. Ohun tí ó bá ìlànà yìí mu ni kí ‘ìforúkọsílẹ̀’ dúró fún kíkọ orúkọ nìkan, kí owó náà sì máa jẹ́ ‘owó ìkópa’. Ẹni tí ó bá san án ni ‘olùkópa’, ọ̀rọ̀ tí ó kún ju ‘òǹwòran’ lọ.

Ìsọ̀rí ló kàn. Ohun méjì ni onímọ̀ ìṣirò ń béèrè lọ́wọ́ ìpín tí ó pé: kí gbogbo ohun tí a ń pín rí ibi bọ́ sí, kí ọ̀kankan má sì bọ́ sí ibi méjì. Ẹni tí ó bá ti dúró ti àwọn oníṣòwò obì gbàǹja ní Ṣàgámù níbi tí wọ́n ti ń ṣa obì kò nílò àlàyé. Ńlá lọ sí òkìtì tirẹ̀, wẹ́wẹ́ lọ sí tirẹ̀, èyí tí kòkòrò ti jẹ náà ní ibi tí wọ́n ń kó o sí. Kò sí obì kan tí ó wà ní òkìtì méjì, òkìtì kọ̀ọ̀kan sì ní iye tirẹ̀.

Ènìyàn kò rí bí obì, ṣá. Ṣàgámù kan náà yìí, tí ìlú mẹ́tàlá para pọ̀ tẹ̀dó ní 1872, kún fún àwọn tí bàbá wọn jẹ́ ọmọ Mákùn, tí ìyá wọn jẹ́ ọmọ Òfin, tí wọ́n sì lè dáwó ní ìhà méjèèjì láìjanpata, nítorí pé ètò ìdílé ní Rẹ́mọ fún ọmọ ní ẹ̀tọ́ ní ilé bàbá àti ilé ìyá. Owó ìkópa kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ni ènìyàn ń san án.

Ọ̀rọ̀ ‘akẹ́kọ̀ọ́’ ni èyí ti ń ṣe ìpalára jù. Àwọn ìkéde sábà máa ń pín olùkópa sí ‘olùkọ́’, ‘akẹ́kọ̀ọ́’ àti ‘àwọn mìíràn’. Olùkọ́ kan ní Ìlíṣàn tí ó ń kọ́ ọmọ lójoojúmọ́, tí ó sì ń lọ ka ìwé oyè kejì nígbà ìsinmi, ìsọ̀rí wo ni tirẹ̀? Bí ó bá san owó akẹ́kọ̀ọ́, akápò lè pè é ní ẹlẹ́tàn lẹ́nu ọ̀nà. Bí ó bá san ti olùkọ́, ó lè ju agbára rẹ̀ lọ, kí ó sì kúkú jókòó sílé. Bẹ́ẹ̀ irú rẹ̀ gan-an ni àpérò yìí ń wá. Àwọn kan yóò fẹ́ kí a kọ ‘akẹ́kọ̀ọ́ tí kò gba owó oṣù’. Ó ṣe kedere, ṣùgbọ́n ó lé olùkọ́ yìí jáde pátápátá. Gbólóhùn kan ṣoṣo lábẹ́ àtẹ náà sàn jù ú lọ: ‘Ẹni tí ó bá yẹ sí ìsọ̀rí méjì, èyí tí owó rẹ̀ kéré ni kí ó san.’ Ní ti ‘àwọn mìíràn’, òótọ́ ni pé ó ń mú kí ìpín náà pé, ṣùgbọ́n olùkọ́ àgbà tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́yìn ọdún márùndínlógójì kò ní dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó kó o síbẹ̀. ‘Afẹ̀yìntì’ wà lárọ̀ọ́wọ́tó.

‘Àlejò’ tún nílò ìṣọ́ra. Nínú èdè yìí, ẹni tí a ń ṣe lálejò ni àlejò, a kì í sì í gbowó lọ́wọ́ rẹ̀. Ìkéde tí ó bá kọ ‘àlejò’ tí ó wá kọ iye owó sí iwájú rẹ̀ ti tàbùkù ara rẹ̀. Àwọn olùbánisọ̀rọ̀ tí ẹgbẹ́ fúnra wọn pè ni kí ọ̀rọ̀ náà wà fún. Ẹni tí olùkópa mú dání ńkọ́? Láti àpéjọ àgbáyé àkọ́kọ́ ní Zurich ní 1897 ni àwọn onímọ̀ ìṣirò ti ń mú ará ilé wọn lọ, akọ̀wé ẹgbẹ́ níhìn-ín sì lè sáré kọ ‘ìyàwó’. Grace Alele-Williams gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Chicago ní 1963, òun sì ni obìnrin Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gba oyè náà. Ìyàwó ta ni ìkéde yóò ní kí ó mú wá? ‘Alábàárìn’ kò ya akọ sọ́tọ̀ kúrò lára abo, òun ni ó yẹ.

Ọ̀rọ̀ àkókò sísan ni àṣìṣe pọ̀ sí jù. ‘Àsansílẹ̀’ kò tó, nítorí pé owó gbogbo tí a san kí àpérò tó bẹ̀rẹ̀ ni àsansílẹ̀. ‘Ìtanràn’ fún ẹni tí ó pẹ́ sọ ọ́ di arúfin. ‘Èlé’ sọ ọ́ di ajigbèsè. Ó ku ‘ẹ̀dínwó’ àti ‘àlékún’, ìṣirò sì wọ̀ ọ́ níhìn-ín. Ká gbà pé owó ìkópa jẹ́ ₦20,000 kí gbèdéke tó pé, iye tí àwọn àgbà ń pè ní ọ̀kẹ́ kan, tí ó sì di ₦25,000 lẹ́yìn rẹ̀. ₦5,000 náà ni ìyàtọ̀. Bí a bá pè é ní àlékún, ìdá kan nínú mẹ́rin ni, nítorí ₦20,000 ni ìpìlẹ̀. Bí a bá pè é ní ẹ̀dínwó, ìdá kan nínú márùn-ún ni, nítorí ₦25,000 ti di ìpìlẹ̀. Olùtumọ̀ tí ó bá fi ọ̀rọ̀ kan rọ́pò èkejì láìyí ìdá náà padà ti kọ irọ́ sí iwájú àwọn tí kò ní ṣàì rí i. ‘Owó ṣáájú gbèdéke’ àti ‘owó ẹ̀yìn gbèdéke’ kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, wọ́n sì fi ìpìlẹ̀ hàn.

Ẹni tí wọ́n gba owó kúrò lọ́rùn rẹ̀ náà nílò ọ̀rọ̀ tí ó gba tirẹ̀ rò. Nígbà tí àpéjọ àgbáyé wáyé ní Seoul ní 2014, àwọn olùgbàlejò ṣètò ìrànwọ́ fún 1,000 onímọ̀ ìṣirò láti àwọn orílẹ̀-èdè tí ń gòkè àgbà. ‘Ìdáríjì owó’ kò bá èyí mu, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò ṣẹ̀. ‘Ìyọ̀ǹda owó’ fi ọ̀wọ̀ sí i.

Ìkéde Ìkẹ́nnẹ́ lè wá lọ báyìí: ‘Owó ìkópa ṣáájú gbèdéke: olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ yòókù, ₦20,000, akẹ́kọ̀ọ́ àti afẹ̀yìntì, ₦10,000, alábàárìn, ₦8,000. Lẹ́yìn gbèdéke, iye kọ̀ọ̀kan yóò fi ìdá kan nínú mẹ́rin lé sí i. Ẹni tí ó bá yẹ sí ìsọ̀rí méjì, èyí tí owó rẹ̀ kéré ni kí ó san. Ẹni tí ó bá fẹ́ ìyọ̀ǹda owó, kí ó kọ̀wé sí akọ̀wé.’

Ìsọ̀rí kan ṣì kù tí àtẹ yìí kò tíì gbà. Àpéjọ àgbáyé ti 2022, tí ó yẹ kí ó wáyé ní St. Petersburg kí Rọ́ṣíà tó gbógun ti Ukraine, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ṣe é, ọ̀fẹ́ sì ni fún ẹni tí ó fẹ́ wò ó. ‘Òǹwòran’ tí a tì sẹ́yìn lókè lè rí iṣẹ́ ṣe níbí: ẹni tí ó ń wò láti ilé láìka iṣẹ́ kankan, òǹwòran ni, kò san. Ẹni tí ó bá ka iṣẹ́ rẹ̀ láti ilé, olùkópa ni. Ìdajì ni kí ó san, nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ yóò wà nínú àkójọ tí wọ́n ń tẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní bá wọn jẹun ní Ìkẹ́nnẹ́.