Ìṣeré Wáyà Tí Kò Gbà Kí Èèyàn Ṣẹ́

Ẹ̀kọ́ nípa òòfà tí iná ń gbé ṣiṣẹ́, tí a kọ́ nínú Físíìsì, ni mo fẹ́ sọ, àmọ́ ìjà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ẹ mọ ìṣeré wáyà yẹn. Wáyà wíwọ́ kan dúró lórí pátákó oníke, òrùka irin kan sì wà tí a ó mú gba ara rẹ̀ kọjá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò gbọ́dọ̀ kàn án. Bó bá kàn án, á ké "pìì". Bátìrì kékeré méjì ló ń lò, owó rẹ̀ ò sì pọ̀ rárá.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ìgbà tí irin méjèèjì bá fara kanra nìkan ló ń ké. Bó bá kàn án fìrí, ariwo bíréèkì á bo igbe náà mọ́lẹ̀. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń jókòó fi búrẹ́dì kan du ú lọ́jọ́ kan. Ó ní òun gbọ́ "pì". Mo ní kò gbọ́ nǹkan kan. Mo jẹ búrẹ́dì náà, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Kí n má tàn yín, èmi náà gbọ́ ọ.

Ohun tí eré yìí nílò ni nǹkan tí kì í gbàgbé. Bàbá tó ń tún rédíò ṣe ládùúgbò wa yọ relay kan fún mi lára stabilizer tó ti bàjẹ́. (Ẹ má tú èyí tó wà lára iná o! Iná ilé kì í ṣe ohun eré.) Nínú relay, wọ́n wé wáyà tín-ín-rín mọ́ irin. Bí iná bá gba inú wáyà yẹn, irin á di òòfà, á fa ahọ́n irin kékeré kan mọ́ra, kà! Ahọ́n yẹn á so ojú iná méjì pọ̀, bí ìgbà tí èèyàn tẹ súwíìsì.

Ibi tí ọgbọ́n wà nìyí. Mo jẹ́ kí iná gba òrùka àti wáyà wíwọ́ lọ sínú relay. Mo wá so súwíìsì inú relay yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kó jẹ́ ọ̀nà kejì fún iná kan náà. Bí òrùka bá kan wáyà lẹ́ẹ̀kan péré, relay á fà, á sì ti ṣí ọ̀nà kejì fún ara rẹ̀. Ẹ gbé òrùka kúrò, iná ò dúró. LED pupa tí mo so mọ́ ọn á máa tàn títí a ó fi yọ bátìrì.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ so ó, kò mira. Odindi ìrọ̀lẹ́ kan ni mo fi ń tú wáyà, tí mo ń tún un so, kí n tó ka ẹ̀yìn relay: 12V. Bátìrì méjì tèmi, 1.5 lọ́nà méjì, 3V péré! Mo to bátìrì mẹ́jọ tẹ̀ léra, ó di 12V, relay sì dáhùn. LED àkọ́kọ́ tàn lẹ́ẹ̀kan, ó kú. Ìkejì ni mo fi resistor 1000 ohm síwájú rẹ̀. Ohun tó ń ké "pìì" ni mo yọ kúrò, torí 3V ni wọ́n ṣe é fún. Mo tún sọ òrùka di kékeré, láti sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta sí ọ̀kan ààbọ̀.

Àléébù kan ṣì wà níbẹ̀. Relay máa ń lò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá kó tó fà, nítorí náà ìkannilára tó yára jù bẹ́ẹ̀ lọ lè bọ́. Olùkọ́ Físíìsì wa ní thyristor yóò yára jù ú lọ, torí kò ní ahọ́n tó ń gbéra. Mo ṣì ń wá ọ̀kan.

Mo gbé e wá fún ọ̀rẹ́ mi. Ó ní kí èmi kọ́kọ́ ta á. Mi ò tíì dé ìdajì nígbà tí mo gbọ́ "kà", LED tàn, ó sì kọ̀, kò kú.

Ó wò mí, ó ní, "Ṣé relay náà parọ́ mọ́ ẹ ni?"

Búrẹ́dì méjì ni mo rà: ti ọjọ́ náà, àti ti tẹ́lẹ̀.