Àrùn mósáíìkì ẹ̀gẹ́: ìdí tí ọmọ kóró kì í fi jọ ìyá rẹ̀

Nínú oko ẹ̀gẹ́ ní àyíká Accra, níbi tí àwọn ará Gà ti ń pè é ní duade, àgbẹ̀ sábà máa ń rí ẹ̀gẹ́ wẹ́wẹ́ tó lalẹ̀ hù láàárín poro. Kò sẹ́ni tó gbìn wọ́n. Èso ẹ̀gẹ́ ló là tí kóró rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Bí oko náà bá jẹ́ ti ẹ̀yà tó ń kojú àrùn mósáíìkì, àgbẹ̀ lè rò pé àwọn ọmọ wọ̀nyí náà yóò kojú rẹ̀, kí ó sì gé igi wọn gbìn lọ́dún kejì. Lẹ́yìn náà ni ewé á ká kò, tí á ní àbàwọ́n ìyeyè, tí iṣu á sì kéré.

Igi tí wọ́n gé lára ìyá, ìyá náà ni. Gbogbo ohun tí ìyá ní ló ní, títí kan fáírọ́ọ̀sì bó bá ti wọ ara ìyá. Kóró ní bàbá ní tirẹ̀. Akọ òdòdó ẹ̀gẹ́ yàtọ̀ sí abo, oyin ló ń gbé lẹ́búlẹ́bú láàárín wọn, bàbá sì lè wá láti oko ẹlòmíràn.

Jíìnì ni ohun tí ọmọ ń jogún, ẹyọ kan láti ọ̀dọ̀ ìyá, ẹyọ kan láti ọ̀dọ̀ bàbá. Lọ́dún 2002, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ fi hàn pé jíìnì ńlá kan ṣoṣo, tí wọ́n ń pè ní CMD2, ló ń jẹ́ kí TME3, ẹ̀gẹ́ ìbílẹ̀ Nàìjíríà, kojú àrùn yìí. Ó ń borí: ẹyọ kan ti tó. Bí R bá dúró fún un, tí r dúró fún èyí tí kò lè kojú àrùn, Rr yóò kojú àrùn bíi RR, ojú lásán kò sì lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ṣùgbọ́n bí Rr bá pàdé rr, nínú 100 kóró, bíi 50 ni yóò gba R. Bí Rr bá pàdé Rr, bíi 75. Irú ìṣirò yìí ni Gregor Mendel rí lára ẹ̀wà píìsì, tó sì tẹ̀ jáde lọ́dún 1866. Nínú kóró mẹ́rin péré, ó lè má rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀yà ló rí bíi TME3. Afisiafi, tí Ghana fún àwọn àgbẹ̀ lọ́dún 1993, ni TMS 30572 láti IITA, Ìbàdàn. Ọ̀pọ̀ jíìnì kéékèèké tó wá láti ara ìbátan ẹ̀gẹ́, Manihot glaziovii, ló ń dáàbò bò ó. Àwọn ọmọ rẹ̀ kì í pín sí ọ̀nà méjì gedegbe. Àwọn kan lágbára, àwọn kan ṣe díẹ̀, àwọn kan kò lágbára rárá.

Àwọn tó ń mú ẹ̀yà tuntun jáde, irú àwọn tí WACCI ní Yunifásítì Ghana, Legon, ti ń kọ́ láti 2007, ń wá ìdàpọ̀ yìí. Wọ́n á gbin kóró rẹpẹtẹ, wọ́n á sì kó èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ dànù. Àgbẹ̀ kò ní ilẹ̀ tó lè fi ṣòfò bẹ́ẹ̀.

Ara ẹ̀gẹ́ tí orúkọ ẹ̀yà rẹ̀ dájú, tí ewé rẹ̀ sì mọ́, ni kí àgbẹ̀ ti gé igi. Kí ó so àmì mọ́ ọn nígbà tí ewé ṣì wà lórí, kó tó di ọ̀gbẹlẹ̀. Kí ó fa èyí tó lalẹ̀ hù tu. Bí ọ̀kan bá wù ú gan-an, kí ó gbìn ín sọ́tọ̀, kí ó máa wo ewé rẹ̀ fún ọdún méjì kó tó gé igi rẹ̀ fún aládùúgbò.