Ìtàn Tó Takókó Kì Í Ṣe Àdììtú

Ní ọdún 2012, Robin Sloan, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, gbé ìwé ìtàn àròsọ kan jáde tó pè ní Mr. Penumbra's 24-Hour Bookstore. Clay Jannon, ọ̀dọ́mọkùnrin tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, rí iṣẹ́ òru sí ilé ìtàwé kan ní San Francisco. Aago mẹ́wàá alẹ́ títí di mẹ́fà òwúrọ̀ ni tirẹ̀. Kò gbọdọ̀ ṣí àwọn ìwé tó wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún wò. Ó sì gbọ́dọ̀ kọ bí oníbàárà kọ̀ọ̀kan ṣe rí sílẹ̀, títí dé aṣọ ọrùn rẹ̀. Yíyá ni wọ́n ń yá àwọn ìwé wọ̀nyẹn, wọn kì í rà wọ́n.

Ìwé náà dùn mọ́ mi. Ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn ọmọ yín tó ń gbé òkè òkun fo “mọ́” yẹn o. “Ikú rẹ̀ dùn mí” jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀dùn. “Ìwé rẹ̀ dùn mọ́ mi” jẹ́ ọ̀rọ̀ ayọ̀. Àwọn mìíràn á ka ìwé tán, wọ́n á ní “mo gbádùn ara mi.” Gẹ̀ẹ́sì ló wọ aṣọ Yorùbá níbẹ̀ yẹn. Ìwé la gbádùn, kì í ṣe ara wa. Bó bá sì gbé ọkàn wa lọ pátápátá, “ó wọ̀ mí lára” ti tó.

Irú ìwé báyìí, tí a kì í fi ṣe ìdánwò, ẹ má pè é ní “ìwé fífúyẹ́.” Lẹ́nu wa, ẹni tí kò níyì là ń pè ní fúyẹ́fúyẹ́. Ìwé ìgbafẹ́ ni. Ilé ìtàwé sì ni ibi tí wọ́n ti ń tà á. Ilé ìwé, àwọn ọmọléèwé ló ni ín.

Ibi tó ká mi lára jù ni “àdììtú.” Ẹni tó bá fẹ́ ròyìn ṣọ́ọ̀bù Penumbra á sáré mú un. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ọ dáadáa: ohun tí a dì tí kò ṣeé tú ni. Ọmọ ìyá rẹ̀ ni àwámárìídìí. Ìdí nìyí tó fi bá orúkọ Olódùmarè mu nínú àkọlé ìwé Fágúnwà tó jáde ní 1961. Àṣírí inú ìtàn Sloan, wọ́n tú u kí ìwé tó parí. Ìtàn tó takókó ni ká pè é, nítorí kókó ní ibi tí a ti ń tú u. “Tú” yìí náà ló wà nínú “àṣírí tú,” òun náà ló wà nínú títú iṣu dé ìsàlẹ̀ ìkòkò.

Òkukù, ìlú Yorùbá kan, náà mọ irú kókó báyìí dáadáa nínú oríkì. Karin Barber, ọ̀mọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ìlú náà láàárín àwọn ọdún 1970, ó sì kọ I Could Speak Until Tomorrow lórí oríkì wọn. 1991 ló jáde. Oríkì lè jẹ́ gbólóhùn kúkúrú kan, kí ìtumọ̀ rẹ̀ má sì hàn lójú rẹ̀ rárá. Àwọn obìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń kì í, títí kan ìyàwó tó ń sun rárà lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ìtàn tó bí gbólóhùn náà, ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ilé, pàápàá àwọn bàbá, ló sábà máa ń wà. Ẹnu ọ̀tọ̀ ló ń di kókó, ẹnu ọ̀tọ̀ ló ń tú u. Ẹni tó gbọ́ oríkì láìgbọ́ ìtàn dà bí Clay tó ń gbé ìwé fún oníbàárà láìmọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Nítorí náà, bí oríkì ilé yín bá ṣókùnkùn sí yín, ẹ má ṣe bi àgbà pé “kí ni àdììtú yìí?” Ìyẹn ti sọ pé kò ní ìdáhùn. Ẹ kúnlẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ dọ̀bálẹ̀, kẹ́ ẹ wí pé: “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa pìtàn rẹ̀.”