Ìwé-Àṣẹ Àtijọ́ Lọ́wọ́ Nọ́ọ̀sì Tuntun: Ó Yẹ Kí A Pa Á Mọ́, Tàbí Kí A Fi Í Sílẹ̀?

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bàbá kan tí ń gbin ẹ̀gẹ́ ní ẹ̀yìn Ìba mú ìwé méjì tọ̀ mí wá. Ó ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wo èyí. Ọmọ mi obìnrin ti ṣiṣẹ́ CHEW fún ọdún mẹ́rin kí ó tó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Nísinsìnyí ó ti yege, ó sì tún ń béèrè owó láti fi sọ ìwé-àṣẹ ti àkọ́kọ́ di ọ̀tun. Èmi rò pé ẹni tí ó ti ra bàtà tuntun kì í tún sanwó fún ẹni tí yóò rán ti àtijọ́. Àbí mo ṣì í wí?"

Mo dá a lóhùn pé, "Bàbá, ẹ kò ṣì í wí pátápátá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ní ìpín. Ẹ fún mi láyè kí n yẹ̀ ẹ́ wò." Ohun tí mo rí ni mo kọ síhìn-ín, nítorí òbí tí ìbéèrè yìí kàn kò kéré ní Ọ̀jọ́, ní Ìba àti ní Òkòkòmáíkò.

Èkíní: Mọ irú ìwé tí ó wà lọ́wọ́ rẹ.

Kì í ṣe gbogbo ìwé tí a fi òǹtẹ̀ lù ni ó ní agbára kan náà. Ìwé nọ́ọ̀sì ti ọwọ́ Ìgbìmọ̀ Nọ́ọ̀sì àti Agbẹ̀bí ti Nàìjíríà wá, èyí tí òfin kọkàndínláàádọ́rùn-ún ti ọdún 1979 gbé kalẹ̀. Ọdún 3 ni ìwé-àṣẹ náà fi ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá pé, nọ́ọ̀sì yóò sọ ọ́ di ọ̀tun, yóò sì fi hàn pé òun ti lọ gba ẹ̀kọ́ ìmúdọ̀tun tí a là sílẹ̀.

Ìwé CHEW, èyíinì ni ti òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò, ti ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ mìíràn wá, èyí tí òfin kọkànlélọ́gọ́ta ti ọdún 1992 dá sílẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí ni wọ́n ń wọ ilé dé ilé, tí wọ́n ń fún ọmọdé ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, tí wọ́n sì ń wo aboyún ní ilé ìtọ́jú kékeré. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti jẹ́ mínísítà ètò ìlera, láti 1985 dé 1992, a mú irú ìtọ́jú yìí gbòòrò káàkiri ìgbèríko.

Ìwé ẹ̀kẹta ni ti àwọn tí a ń pè ní ọ̀sílárì. Ilé ìwòsàn aládàáni kan kọ́ ọmọbìnrin ní bí a ti ń wọn ìgbóná ara àti bí a ti ń gún abẹ́rẹ́, ẹni tí ó ni ilé náà sì fọwọ́ sí ìwé fún un. Ìgbìmọ̀ nọ́ọ̀sì kò ka ìwé bẹ́ẹ̀ sí ohunkóhun. Nítorí náà kò sí ohun tí a ó sọ di ọ̀tun lára rẹ̀. Kí òbí má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó lọ́wọ́ òun nítorí rẹ̀.

Èkejì: Ìwé kan kì í ṣe iṣẹ́ ìwé kejì.

Ìwé ìtọ́sọ́nà kan wà tí CHEW ń tẹ̀ lé, tí ó sọ ohun tí yóò ṣe àti ìgbà tí yóò fi aláìsàn ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn ńlá. Kò gbọdọ̀ rékọjá rẹ̀. Bákan náà, ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé ìgbìmọ̀ nọ́ọ̀sì kò gbọdọ̀ pe ara rẹ̀ ní nọ́ọ̀sì, bí ó tilẹ̀ ti yege nínú ìdánwò. Òfin ka èyí sí ẹ̀ṣẹ̀.

Níhìn-ín ni ewu wà. Mo mọ ọmọbìnrin kan tí ó fi iṣẹ́ CHEW sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí èsì ìdánwò nọ́ọ̀sì rẹ̀ jáde. Ó jẹ́ kí ìwé-àṣẹ àtijọ́ kú, ti tuntun sì pẹ́ kí ó tó dé. Ní gbogbo oṣù wọ̀nyẹn kò lè ṣe iṣẹ́ èkíní, kò sì lè ṣe èkejì, bẹ́ẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ń ta àgbọn láti bọ́ ọ. Ẹni tí ń wọ ọkọ̀ ojú omi láti Ọ̀jọ́ lọ sí Ìrẹ̀wẹ̀ kì í jáwọ́ lára òpó èbúté kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó balẹ̀ nínú ọkọ̀.

Ẹ̀kẹta: Bí ọ̀ràn ti rí ní ilẹ̀ òkèèrè.

Àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Amẹ́ríkà mọ ìbéèrè yìí dáadáa, nítorí púpọ̀ nínú wọn ń ṣe olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì nígbà tí wọ́n ń kẹ́kọ̀ọ́. Òfin ọdún 1987 ní kí a kọ́ irú olùrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ fún wákàtí 75 ó kéré tán, kí ìpínlẹ̀ sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé. Bí oṣù 24 bá kọjá léraléra tí kò ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú tí a sanwó fún, yóò tún ẹ̀kọ́ àti ìdánwò ṣe, tàbí ìdánwò nìkan. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a kò kọ orúkọ àwọn olùrànlọ́wọ́ lásán sínú ìwé ìgbìmọ̀ nọ́ọ̀sì rárá. Ṣùgbọ́n láti 2016 ni nọ́ọ̀sì ti ní láti fi hàn ní ọdún 3 kọ̀ọ̀kan pé òun ti ṣiṣẹ́ fún wákàtí 450.

Ẹ kíyèsí èyí pẹ̀lú: nọ́ọ̀sì tí ó bá gba iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ kò lè bọ́ ìmọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹ̀wù. Bí ẹ̀mí aláìsàn bá ń bọ́ lọ lójú rẹ̀, kò ní lè wí pé, "Ìwé kékeré ni mo fi ń ṣiṣẹ́ lónìí." Ohun tí ó mọ̀ ni a ó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin: Ìmọ̀ràn.

1. Má ṣe jẹ́ kí ìwé àtijọ́ kú kí ti tuntun tó dé ọwọ́ rẹ, kí o sì tó rí iṣẹ́ tí ìwé tuntun náà gbà fún ọ.

2. Nígbà tí ó bá ti dé, òun ni kí o kọ́kọ́ máa sanwó fún. Bí owó kò bá tó fún méjèèjì, ti nọ́ọ̀sì ni kí o mú.

3. Lẹ́yìn èyí, béèrè pé: ǹjẹ́ iṣẹ́ kan wà tí yóò tún béèrè ìwé àtijọ́ lọ́wọ́ mi? Ǹjẹ́ yóò ṣòro láti jí i dìde bí ó bá kú? Bí ìdáhùn méjèèjì bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, fi í sílẹ̀ láìbẹ̀rù.

4. Bí o bá fi í sílẹ̀, má ṣe fà á ya. Tọ́jú ìwé-ẹ̀rí náà pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀, nítorí ẹ̀rí ọdún tí o ti fi ṣiṣẹ́ ni.

Mo ka èyí fún bàbá náà. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Tíṣà, ìwé-àṣẹ nọ́ọ̀sì rẹ̀ kò tíì dé." Mo ní, "Bàbá, ẹ fún un lówó náà lẹ́ẹ̀kan yìí." Ó rẹ́rìn-ín, ó sì gbà. Ìwé lè kú, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ó ti kọ́ bí a ti ń gbé arúgbó sùn jẹ́ẹ́, tí ó sì ti kọ́ bí a ti ń fi ara balẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ ìyá ọmọ, kò ní pàdánù ẹ̀kọ́ rẹ̀. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ.

Àwọn ìbéèrè fún ẹ̀kọ́ yìí

1. Ìwé mẹ́ta wo ni a dárúkọ, èwo ni kò sì ní òfin lẹ́yìn?

2. Ọdún mélòó ni ìwé-àṣẹ nọ́ọ̀sì fi ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà?

3. Kí ni ó sọ ọmọbìnrin tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ di aláìníṣẹ́?

4. Bí owó kò bá tó fún ìwé méjèèjì, èwo ni kí a mú, èé sì ti ṣe?