Wọ́n Ń Pe Ọmọ Mi sí Ọ́fíìsì Ṣáá

Riverdale ni mò ń gbé, lẹ́bàá Atlanta. Lọ́tìrì físà Amẹ́ríkà ló gbé wa wá láti Ìbàdàn, èmi àti àwọn ọmọ mi mẹ́ta. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Àkọ́bí mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 16, wà ní grade 11. Ọmọ náà mọ̀wé, àdúrà mi sì ni pé kó di dókítà.

Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní counselor ní ilé ẹ̀kọ́ wọn ń pè é sí ọ́fíìsì ṣáá. Mo bi í pé kí ló ṣe, ó ní òun ò ṣe nǹkan kan. Ìgbà tí mo fúngun mọ́ ọn ló jẹ́wọ́ pé òun ti sọ fún obìnrin náà pé oorun ń kun òun ní kíláàsì, nítorí òun ló ń tọ́jú àwọn àbúrò òun tí mo bá lọ síbi iṣẹ́. Ara mi bù máṣọ! Ọ̀rọ̀ inú ilé mi ló lọ tú fún àjèjì. Ẹ̀rù ń bà mí kí ìjọba má lọ kó àwọn ọmọ mi lọ.

Èyí tó wá dá kún un ni pé obìnrin náà fún un ní ìwé kan nípa ẹ̀kọ́ títún ọkọ̀ òfuurufú ṣe, ọkàn ọmọ sì ti fà sí i. Ṣé torí pé aláwọ̀ dúdú ni wá ni wọ́n ṣe fẹ́ sọ ọmọ mi di mẹkáníìkì? Ní ayé tiwa, ẹni tí wọ́n bá ń pè sí ọ́fíìsì, yálà ó ṣẹ̀ ni tàbí orí rẹ̀ ò pé. Mo ti kìlọ̀ fún un kó má débẹ̀ mọ́. Àbí mo ṣì í ṣe?

Abiyamọ, Riverdale, Georgia.

ÌDÁHÙN

Abiyamọ wa, ẹ kú àìsùn, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ ṣì í ṣe. Mo là á mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé àkókò ò dúró: ọmọ tó ti dé grade 11 ní Georgia ti lo èyí tó pọ̀ nínú àwọn ọdún tí wọ́n máa fi ṣèdájọ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó padà sọ́dọ̀ obìnrin yẹn, kí ẹ̀yin náà sì tẹ̀ lé e débẹ̀.

Ẹ̀rù ọ́fíìsì tó ń bà yín yé mi dáadáa. Ní ilé ẹ̀kọ́ tí ọ̀pọ̀ wa lọ, ọ̀nà ọ́fíìsì ni ọ̀nà pàṣán. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ti Ìbàdàn wá, ìlú yín gan-an ni iṣẹ́ counselor, ìyẹn olùdámọ̀ràn, ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní 1959, àwọn Sístà Kátólíìkì tó ń darí St. Theresa's College ní Òkè-Àdó pe 20 òṣìṣẹ́ láti ẹnu oríṣiríṣi iṣẹ́ kí wọ́n wá bá àwọn ọmọbìnrin tó wà ní kíláàsì ìkẹyìn sọ̀rọ̀ nípa ohun tí wọ́n lè fi ayé wọn ṣe. Nínú àwọn 60 tó ń jáde, 54 ló ríṣẹ́. Àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ò ṣẹ ẹnikẹ́ni, orí wọn sì pé. Ohun tí wọn ò mọ̀ ni wọ́n bá wọn wá ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ohun tí ẹ̀yin náà ò sì mọ̀ ni mo fẹ́ dúró lé lórí, torí òun ló ń gbé àwọn òbí tó kàwé nílé ṣubú ní Amẹ́ríkà. Nílé, WAEC àti JAMB ló ni ọmọ. Ó lè ṣeré ní SS1, kó gbàgbé ara rẹ̀ ní SS2, kó wá jí ní SS3, kó tan iná mọ́jú, kó yege, kò sì sẹ́ni tó máa bi í léèrè ibi tó wà ní SS1. Níbí, láti ọjọ́ àkọ́kọ́ grade 9 ni wọ́n ti ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, inú ìwé kan náà ni wọ́n sì ń kọ ọ́ sí títí dé òpin. Kò sí pé a óò jí ní SS3.

Ẹ wo HOPE, owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ tí ìjọba Georgia ń fún akẹ́kọ̀ọ́. Gómìnà Zell Miller ló dá a sílẹ̀ ní 1993, láti inú èrè lọ́tìrì ìjọba Georgia (ẹ ò rí nǹkan: lọ́tìrì ló gbé yín wá, lọ́tìrì náà ló tún fẹ́ rán ọmọ yín níwèé). Ó ń san owó ẹ̀kọ́ ní àwọn fásitì ìjọba níbí, kì í san ti yàrá àti oúnjẹ. Ọmọ gbọ́dọ̀ ní àròpín máàkì (GPA) 3.0 kó tó rí i gbà. Ẹ máa sọ pé máàkì ọmọ yín ju bẹ́ẹ̀ lọ. Máàkì wo? Èyí tó wà lórí ìwé àbájáde tó ń mú wálé kọ́ ni HOPE ń lò. Wọ́n ní ìṣirò tiwọn. Ẹ jẹ́ ká ro ó pọ̀: ká ní ọmọ kan gba A nínú eré ìdárayá, A nínú orin, A nínú oúnjẹ sísè, ó gba B nínú Gẹ̀ẹ́sì, B nínú bàọ́lọ́jì, C nínú ìṣirò, C nínú ìtàn. Lórí ìwé ilé ẹ̀kọ́, ó ti lé 3.1, ìyá á sì se ìrẹsì. HOPE ò wo ìdárayá, kò wo orin, kò wo oúnjẹ sísè. Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ àti èdè òkèèrè nìkan ló ń kà. Lójú HOPE, 2.5 ni ọmọ yẹn ní. Iṣẹ́ tó bá sì kùnà ní grade 9, tó tún un kọ tó gba A, méjèèjì ni wọ́n máa kà. Lẹ́yìn èyí, wọ́n á tún wò ó bóyá ó ti ṣe iṣẹ́ líle mẹ́rin tí ìlànà wọn béèrè. Ẹni tó bá ń lé èyí tó ga jù, tí wọ́n sọ ní orúkọ Zell Miller fúnra rẹ̀, 3.7 ló máa ní, pẹ̀lú ó kéré tán 1200 nínú ìdánwò SAT.

Ta ló fẹ́ sọ gbogbo eléyìí fún yín? Pásítọ̀ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀gbọ́n yín tó bá ti wà ní Houston láti ogún ọdún ò mọ̀ ọ́n, torí òfin Georgia ni. Obìnrin tí ẹ ní kí ọmọ má dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́ yẹn ló mọ̀ ọ́n. Òun ló lè ṣí àkáǹtì ọmọ náà lórí GAfutures níṣojú yín, kí ẹ rí iye tó ní gan-an àti iṣẹ́ tó yẹ kó mú ní grade 12 láti fi gbé e sókè. Òun náà ló ń fún ọmọ tí owó ilé wọn kò tó ní ìwé tó máa fi ṣe SAT láìsanwó. Ilé ẹ̀kọ́ kì í fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sílé ẹni tí kò béèrè.

Ẹ tún ro èyí wò. Ẹgbẹ́ àwọn olùdámọ̀ràn ilé ẹ̀kọ́ ní Amẹ́ríkà ní kí ẹnì kan máà tọ́jú ju ọmọ 250 lọ. Ìlànà ìnáwó ìjọba Georgia, ọ̀kan fún 450 ni. Nínú irú èrò bẹ́ẹ̀, obìnrin yìí rí ọmọ tó ń sùn ní kíláàsì, ó pè é, ó tún pè é. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó di ọ̀rọ̀ inú ilé. Lóòótọ́, a kì í tú àṣírí ilé síta, ṣùgbọ́n kí ni àṣírí tó wà níbẹ̀? Ìyá ń ṣiṣẹ́ alẹ́, àkọ́bí ń tọ́jú àbúrò. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló dàgbà bẹ́ẹ̀. Nípa ti ìjọba, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí. Òfin Georgia pọn ọ́n ní dandan fún olùdámọ̀ràn, bó ṣe pọn ọ́n fún tíṣà, pé tó bá fura pé wọ́n ń fìyà jẹ ọmọ tàbí pé wọ́n pa á tì, kó fẹjọ́ sùn láàárín wákàtí 24. Bákan náà, tí ọmọ bá sọ pé òun fẹ́ pa ara òun tàbí ẹlòmíràn lára, kò ní pa á mọ́ra. Yàtọ̀ sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó pa ohun tí ọmọ bá sọ mọ́. Àwọn DFCS, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé ní Georgia, ní ìlànà tó gbà kí ọmọ ọdún 13 sókè tí orí rẹ̀ pé tọ́jú àwọn àbúrò rẹ̀ fún àwọn wákàtí tí òbí kò bá sí nílé. Ọdún 16 ni tiyín. Òbí tó ń fi bẹ́líìtì dá àpá sára ọmọ ló yẹ kó máa bẹ̀rù DFCS. Kì í ṣe ẹ̀yin.

Ohun tó sì ń tì yín lójú yìí lè di ohun tó máa gbé ọmọ wọlé. Tí ọmọ bá ń wá ààyè sí fásitì, pàápàá àwọn tó ní owó láti fi ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́, olùdámọ̀ràn ni wọ́n máa ń ní kó kọ̀wé nípa rẹ̀. Kí ló fẹ́ kọ nípa ọmọ tí kò bá a sọ̀rọ̀ rí? Á kọ pé ọmọ dáadáa ni, ó ń tètè dé. Ṣùgbọ́n tó bá mọ̀ pé ọmọ yìí ń gbé oúnjẹ alẹ́ fún àbúrò méjì, pé ó ń wo iṣẹ́ àṣetiléwá wọn kó tó ṣí ìwé tirẹ̀, síbẹ̀ tí máàkì rẹ̀ ò wálẹ̀, lẹ́tà yẹn á wúwo lọ́wọ́ ẹni tó ń kà á.

Mo wá dé orí mẹkáníìkì. Ìbéèrè yín nípa àwọ̀ dúdú kì í ṣe ìbéèrè òmùgọ̀. Michelle Obama kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, Becoming, tó jáde ní 2018, pé olùdámọ̀ràn ilé ẹ̀kọ́ òun ní Chicago wo òun títí, ó ní kò dá òun lójú pé òun tó ẹni tí fásitì Princeton máa gbà. Ó wá ẹlòmíràn tó bá a kọ lẹ́tà, ó sì wọ Princeton. Nítorí náà ẹ ṣọ́ra, àmọ́ ìṣọ́ra yàtọ̀ sí ìbínú. Riverdale tí ẹ ń gbé, aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí obìnrin náà fúnra rẹ̀ dúdú jù yín lọ. Ìbéèrè kan tó máa jẹ́ kí ẹ mọ inú rẹ̀ rèé: ṣé ó ń yọ ọmọ kúrò nínú ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì líle ni, àbí ó ń fi nǹkan mìíràn kún un? Tó bá ń yọ ọ́, ẹ bi í pé kí ló dé, kí ẹ sì kọ̀.

Tó bá jẹ́ pé ó ń fi kún un ni, ẹ jẹ́ kó ṣe é. Pápákọ̀ òfuurufú Hartsfield-Jackson kò jìnnà sí yín, ẹ̀yin náà ń gbọ́ ariwo bààlúù tí ẹ bá fẹ́ sùn lọ́sàn-án. Atlanta ni orílé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Delta wà. Ẹni tó ń tún ọkọ̀ òfuurufú ṣe kì í ṣe ọmọ abẹ́ igi tó ń fi okùn de paipu. Ìwé àṣẹ FAA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọkọ̀ òfuurufú, ló máa gbà lẹ́yìn ìdánwò. Georgia sì ní ètò tí wọ́n ń pè ní Dual Enrollment, tí ọmọ grade 11 àti 12 fi ń kẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì láti ilé ẹ̀kọ́ girama, tí ìjọba ń san owó rẹ̀ títí dé kírẹ́díìtì 30. Ìṣègùn ńkọ́? Níbí, yàtọ̀ sí àwọn ètò díẹ̀ kan, kò sẹ́ni tó ń ti grade 12 wọ ilé ẹ̀kọ́ oníṣègùn bí wọ́n ṣe ń ti JAMB wọ ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní fásitì Ìbàdàn. Ọmọ á kọ́kọ́ gba dìgírì ọdún mẹ́rin, kó tó wá máa wá ààyè sí irú Morehouse School of Medicine tàbí Emory. Ẹni tó ń gba ọmọ wọlé níbẹ̀ ò ní bi í pé kí ló dé tó mọ ẹ́ńjìnnì bààlúù ní ọmọ ọdún 17.

Ọ̀rọ̀ owó díẹ̀ ló kù. Lọ́tìrì ni ẹ bá wá, ìyẹn ni pé green card wà lọ́wọ́ ọmọ. Ó lẹ́tọ̀ọ́ sí FAFSA, fọ́ọ̀mù tí ìjọba àpapọ̀ fi ń fún akẹ́kọ̀ọ́ lówó. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ni wọ́n sábà máa ń ṣí i, nígbà tí ọmọ bá ti wọ grade 12. Ẹ̀yin náà ní àkáǹtì tí ẹ máa ṣí níbẹ̀, ẹ máa sọ iye tó ń wọlé fún yín. Ẹ má fi pamọ́, ẹ má sì bù mọ́ ọn. Àwọn òǹkàwé mìíràn tí ìwé wọn kò tíì yanjú, ọ̀rọ̀ tiyín ò rí báyìí, agbẹjọ́rò ni kí ẹ kọ́kọ́ rí. Ṣùgbọ́n ilé ìwé ìjọba ò lè torí ìwé lé ọmọ yín, ilé ẹjọ́ tó ga jù ti yanjú ìyẹn láti 1982.

Ẹ fi ímeèlì kúkúrú ránṣẹ́ sí obìnrin náà lónìí kí ẹ tó lọ síbi iṣẹ́. Ẹ sọ fún un pé iṣẹ́ alẹ́ ni ẹ ń ṣe, kí ó mú àkókò tó rọ̀ yín lọ́rùn, kódà kó jẹ́ lórí fóònù. Ọmọ ò tíì pé 18, nítorí náà òfin fún yín láṣẹ láti rí ìwé rẹ̀: ẹ béèrè transcript, ẹ béèrè máàkì rẹ̀ lójú HOPE, ẹ béèrè iṣẹ́ tó máa ṣe ní grade 12. Kí ọmọ jókòó síbẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń sọ̀rọ̀. Kí ẹ sì sọ fún un kí ilẹ̀ tó ṣú pé ẹ ti gba ọ̀rọ̀ yín padà, pé kò ṣe ohun tó burú, kó lè tún lọ rí obìnrin náà lọ́la.