Kọ̀ǹpútà Àtijọ́ Tí Kò Gbéra: Ẹ Má Tètè Pè É Ní Òkú

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí dá lórí ohun tí ó ti kó ìpayà bá ọ̀pọ̀ nínú wa. Ọ̀dọ́bìnrin kan tan kọ̀ǹpútà tòkúnbọ̀ rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kan, kò rí nǹkan kan lójú rẹ̀. Iṣẹ́ àṣekágbá tí ó fẹ́ fi gboyè wà nínú rẹ̀, kò sì ní ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn. Ẹni àkọ́kọ́ tí ó pè wá wò ó sọ pé motherboard ti kú, kí ó lọ wá owó òmíràn. Ẹni kejì yọ RAM, ó nù ún, ó dá a padà, kọ̀ǹpútà sì gbéra. Kí ni ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì? Ẹni kejì wádìí kí ó tó dájọ́.

Òfin kan ni kí ẹ fi sọ́kàn: ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìta wọ inú, kí ẹ sì máa dán ohun kan ṣoṣo wò lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá yí nǹkan mẹ́ta padà pọ̀, tí ó sì gbéra, ẹ kò ní mọ èyí tí ó jẹ́ àrùn.

1. Iná. Ẹ fi nǹkan mìíràn dán sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri wò. Ẹ pààrọ̀ wáyà. Ẹ wo ẹ̀yìn power supply: púpọ̀ nínú ti àtijọ́ ní bọ́tìnì pupa kékeré tí a kọ 115 àti 230 sí. Iná Amẹ́ríkà jẹ́ fólítì 120, ti Nàìjíríà jẹ́ 230. Bí bọ́tìnì yìí bá wà lórí 115 nígbà tí a ki ẹ̀rọ bọ iná wa, power supply lè jó lójú ẹsẹ̀. Ẹ má ṣe tú power supply. Iná ṣì lè sá pamọ́ sínú rẹ̀ lẹ́yìn tí a ti yọ wáyà. Odindi ni a ń pààrọ̀ rẹ̀.

2. Ojú àti etí. Bí fáànù kò bá yí, tí iná kankan kò sì hàn, ọ̀rọ̀ iná ni ẹ kọ́kọ́ máa fura sí. Bí fáànù bá ń yí ṣùgbọ́n tí ojú ṣókùnkùn, ẹ yẹ mọ́nítọ̀ àti wáyà rẹ̀ wò, kí ẹ sì tẹ́tí. Kọ̀ǹpútà máa ń yẹ ara rẹ̀ wò kí ó tó ṣiṣẹ́. Láti ìgbà IBM PC ti ọdún 1981 ni ìró kúkúrú kan ti túmọ̀ sí pé àlàáfíà ni. Nínú AMI BIOS àtijọ́, ìró kúkúrú mẹ́ta ń tọ́ka sí RAM, mẹ́jọ sí káàdì tí ń gbé àwòrán jáde. Ti ilé-iṣẹ́ mìíràn lè yàtọ̀. Ẹ wo ìwé motherboard yín.

3. Inú. Ẹ yọ wáyà iná, kí ẹ fọwọ́ kan irin ara àpótí rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun nínú rẹ̀. Iná tí ń ta pàrà lára wa, pàápàá nígbà ọyẹ́, lè ba RAM jẹ́. Ẹ yọ RAM, ẹ fi rọ́bà ìpàwérẹ́ tí ó mọ́ nu etí rẹ̀ jẹ́jẹ́, kí ẹ tì í padà dáadáa. Bí ó bá jẹ́ méjì, ẹ dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo àwọn ohun roboto bí agolo kékeré lórí motherboard. Bí orí wọn bá wú, tàbí tí omi ń jò lára wọn, àrùn ti dé ibẹ̀. Èyí wọ́pọ̀ lára àwọn tí a ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000.

4. Bátìrì. Bí aago kọ̀ǹpútà bá ń padà sí ọdún àtijọ́, ẹ pààrọ̀ bátìrì tí ó rí bí owó ẹyọ. CR2032, fólítì 3, ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò.

5. Hard disk. Bí lẹ́tà bá hàn tí ó ní òun kò rí disk, ẹ tún wáyà hard disk kì dáadáa. Bí ó bá ń dún kà-kà-kà, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀! Gbogbo ìgbà tí ẹ bá tún un tan ni ẹ lè máa pàdánù iṣẹ́ yín. Ẹ gbé e fún ẹni tí ó mọ̀ ọ́n, kí ó kọ́kọ́ da ohun inú rẹ̀ kọ.

Kódà, bí motherboard bá kú ní tòótọ́, ẹ má sunkún. Orí hard disk ni iṣẹ́ yín wà. A lè yọ ọ́, kí a so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn, kí a sì kó iṣẹ́ náà jáde. Ẹ̀rọ lè kú kí iṣẹ́ má kú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní ẹ̀dà níbòmíràn ni ó ń sùn fọnfọn. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ìbéèrè fún ìjíròrò:
(a) Kí ni ìdí tí a fi ń yí ohun kan ṣoṣo padà lẹ́ẹ̀kan?
(b) Kí ni ẹ óò kọ́kọ́ wò lẹ́yìn kọ̀ǹpútà tí ó ti Amẹ́ríkà dé?
(d) Níbo ni ẹ̀dà iṣẹ́ tìrẹ wà lónìí?